Ilẹ̀kùn Ìrókò, Aṣọ Òfì àti Igbá: Bí Ẹrù Ilé Bàbá Ṣe Ń Di Ọ̀ṣọ́ Ilé Tuntun

Nígbà tí wọ́n bá ń wó ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, ìdí ààrò ni ilẹ̀kùn ìrókò sábà máa ń parí sí. Ẹni tó ń ra igi ìdáná kì í bèèrè iye ọdún tí igi náà ti fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé onípákó á bá a lọ. Irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè á di ti àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọlọ ìyá àgbà á sì di òkúta tí wọ́n fi ń dá géètì dúró kí atẹ́gùn má baà tì í. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Tí ọmọ ilé bá ti pè é ní pàǹtí, kò sí alágbàṣe tí yóò pè é ní ohun iyì.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, èyí tó ti ilé ẹbí wá àti èyí tó ti abà wá, dára nínú ilé tí a ń gbé lónìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú ilé ìtajà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwa gan-an tí a fẹ́ràn wọn, nítorí dídán la kọ́kọ́ ń dán wọn. Gbígbẹ ló yẹ kó ṣáájú, kí pípa kòkòrò tẹ̀lé e, kí dídán tó kàn. Púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ nílò dídán rárá.

Ta ló ni ín?

Ilẹ̀kùn ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ gbé mọ́tò akẹ́rù dé. Gbogbo ọmọ bàbá ló jọ ni ín. Ẹ bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìwólé tó dé, kí ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú sínú ìwé, kí ẹ sì yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí àwọn tó ń wólé tó gbé òòlù. Ẹ ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe wà lára ògiri, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan àti sára férémù rẹ̀. Férémù tí a kò kọ nọ́ńbà sí kì í bá ilẹ̀kùn tirẹ̀ mu mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń dúró di ọjọ́ ìwólé, èérún ni yóò bá. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016. Ilé Àgùdà ni, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà dé kọ́, tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Tí ilé tí ìjọba fọwọ́ sọ̀yà lé bá lè lọ bẹ́ẹ̀, ti ẹbí wa kò ní ẹnì kankan tí yóò dáàbò bò ó bí kò ṣe àwa fúnra wa.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin 77 ti 1979, tó dá àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì dárúkọ ilẹ̀kùn àti òpó ilé. Ohun tí wọ́n ti lò nínú ètò ìbílẹ̀, tó ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ì báà má tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A kò gbọdọ̀ kó irú rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, tí ilẹ̀kùn bàbá àgbà yín bá ní ère ènìyàn tàbí ẹṣin tí wọ́n gbẹ́ sí i lára, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, kì í ṣe káfíńtà. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí di òní. Ilẹ̀kùn gbọọrọ tí kò ní ère lára, tí káfíńtà ṣe ní bí ọdún 1950, ni mò ń sọ nínú gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí.

Ère ìbejì, ọpọ́n Ifá àti ọ̀pá òrìṣà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Kòkòrò ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe gbé igi kankan láti abà wọ yàrá tààrà. Gbé e sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lórí búlọ́ọ̀kù, kó má kan ilẹ̀, kí oòrùn má sì pa á. Oòrùn máa ń gbẹ ojú kan yá ju èkejì lọ, pákó á wá ká tàbí kó là. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ilẹ̀kùn; nígbà òjò, ẹ ní sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, fi èèkù ọ̀bẹ kan gbogbo ara rẹ̀. Níbi tó bá ti dún bí agolo òfìfo, wọ́n ti jẹ inú rẹ̀. Fi ìṣó gígùn gún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni omi òjò ti ń ta sí láti ọdún yìí wá. Tí ìṣó bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, gé ibẹ̀ dànù. Sẹ̀ntímítà 5 sí 8 ló sábà máa ń tó.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ ikán sí kòkòrò tó ń lu igi. Ikán ilẹ̀ máa ń fi amọ̀ ṣe ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ọ̀rinrin ilẹ̀ ló sì ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Igi tí a gbé kúrò lórí ilẹ̀, tó gbẹ dáadáa, ikán kò ní lè pẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tó ń lu ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ ni wàhálà, torí inú igi gan-an ni ilé rẹ̀, ó sì lè ti ibẹ̀ bọ́ sára àga àti kọ́bọ́ọ̀dù yín. Tẹ́ ọ̀rá dúdú sábẹ́ igi náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì gbún un rárá, torí ìyẹ̀ àtijọ́ máa ń já bọ́ tí wọ́n bá mì ín, yóò sì tàn yín jẹ. Tí ìyẹ̀ tuntun, tó mọ́ lójú, bá wà lórí ọ̀rá, kòkòrò ń jẹun lọ́wọ́. Lára ìrókò, ẹ̀gbẹ́ tó funfun ni wọ́n máa ń jẹ, wọn kì í sábà fọwọ́ kan inú rẹ̀ tó pọ́n. Arère àti àràbà ni wọ́n ń jẹ tán pátápátá.

Fún ohun kékeré bí ọpọ́n, àpótí ìjókòó, apẹ̀rẹ̀ àti igbá, fíríìsà ló dára jù. Wé e sínú ọ̀rá méjì, tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, fi téèpù dì í, kó sì wà nínú òtútù tó tó ìwọ̀n -18 Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tí iná bá lọ títí tí yìnyín fi yọ́, ọjọ́ tí ẹ ti kà ti ṣòfò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tí ó bá jáde, ẹ má tú ọ̀rá rẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi pé. Tí ẹ bá tú u kíákíá, omi yóò hù sára rẹ̀ bí ó ṣe ń hù sára ìgò mínírà tútù, igi yóò sì mu ún. Ohun tí awọ wà lára rẹ̀, bí ìlù, ẹ má gbé e síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn kò ní wọ fíríìsà. Fún un, po gíráàmù 60 borax àti gíráàmù 40 boric acid (ìyẹ̀ funfun méjì tó ń pa kòkòrò igi) mọ́ lítà omi gbígbóná kan, rò ó títí yóò fi yọ́, wọ ìbọ̀wọ́, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára igi ní ìgbà méjì, ọjọ́ kan láàárín méjèèjì. Ara igi tí kò ní ọ̀dà tàbí fáńìṣì nìkan ló lè wọ̀. Lórí ọ̀dà, ńṣe ni yóò kàn gbẹ sójú. Omi òjò sì máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí náà inú ilé ni igi yẹn gbọ́dọ̀ wà láti ìgbà yẹn lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń da kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Òórùn rẹ̀ kì í tán, kò sí fáńìṣì tàbí ìda tí yóò dì mọ́ ọn mọ́ láé, ẹ sì ti gbé ohun tó lè tètè gbiná sí àárín pálọ̀.

Ilẹ̀kùn tó di tábìlì

Èyí ni iṣẹ́ tó tọ́ sí ilẹ̀kùn jù lọ ní ojú mi, torí ó ń jẹ́ kí gbogbo ilé máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn ìrókò tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 80, tó nípọn ní 4, ń wọn bíi kílò 40. Ènìyàn méjì ni kó gbé e. Kí ayùn tàbí ìfági kankan tó kàn án, fi òòfà wọ́ gbogbo ojú rẹ̀, torí ìṣó àtijọ́ tó ti wọ inú igi máa ń fọ́ ẹnu ayùn, èérún rẹ̀ á sì ta sójú ènìyàn. Ìṣó tí orí rẹ̀ ti jẹ, ẹ má fi ẹ̀mú fà á láti iwájú. Ẹ kọ́kọ́ lù ú díẹ̀ láti ẹ̀yìn kí orí rẹ̀ lè yọ, lẹ́yìn náà ẹ fà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Nàìjíríà, ọdún 2021 ni òfin tó fi òté lé e jáde, pé kí òjé má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú ọ̀dà. Ẹ fi ọkàn sí i pé ọ̀dà tó wà lára ilẹ̀kùn bàbá yín ní òjé nínú títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò ní. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má fi iná sun ún. Eruku àti èéfín ni òjé ń bá wọ ara. Tí ẹ bá fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ èyí tó ń ṣí pẹ̀lú sáńpépà tí a fi omi rẹ, ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi fáńìṣì tí kò ní àwọ̀ bo ohun tó kù. Tábìlì bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún oúnjẹ, kò sì yẹ ní yàrá ọmọ tó ń fi ẹnu kan nǹkan.

Fún ilẹ̀kùn tí kò ní ọ̀dà, sáńpépà 120 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ fi 240 parí, ní ọ̀nà tí ìlà igi gbà lọ. Ẹ wọ ìbòmú: eruku ìrókò máa ń mú kí ènìyàn sín, kí ara sì máa yún. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró ṣe pàtàkì. Ibi tí ọwọ́ ti ń tì í, tó ti dúdú, tó sì ń dán, àti ojú kọ́kọ́rọ́, àti ibi tí ìdè ilẹ̀kùn ti jẹ igi wọlé, kò gbọdọ̀ kúrò. Tí ẹ bá ha gbogbo rẹ̀ dé ara tuntun, ó kúkú sàn kí ẹ ra pákó ní ìsọ̀ onípákó.

Tábìlì oúnjẹ ga ní sẹ̀ntímítà 75, ti àárín pálọ̀ ga ní 42 sí 45. Ẹ yọ ìnípọn ilẹ̀kùn kúrò kí ẹ tó gé ẹsẹ̀: 75 yọ 4 jẹ́ 71. Ọ̀pọ̀ káfíńtà ló ń gbàgbé èyí, tí orúnkún á wá máa kan ìdábùú àga. Igi ìdábùú mẹ́ta ni ẹ fi há a nísàlẹ̀, ọ̀kan ní sẹ̀ntímítà 20 láti ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní àárín. Ihò tí ìdè yóò gbà kọjá nínú ìdábùú, ẹ má lu ú roboto. Ẹ fà á gùn, bíi mílímítà 5 sí 12, lọ ní ìbú ilẹ̀kùn, kí ẹ fi wáṣà sábẹ́ orí ìdè. Ìdí ni pé igi máa ń wú nígbà òjò, ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Tí ẹ bá fi gúlúù dè é pinpin, yóò wá ọ̀nà tirẹ̀, àárín pákó ni yóò sì gbà là, pẹ̀lú ìró tí gbogbo ilé á gbọ́ ní òru oṣù kìíní.

Ilẹ̀kùn tó ní kòtò ní ojú kò lè gba àwo oúnjẹ láìsí gíláàsì. Ẹ ra gíláàsì líle onímílímítà 8 tí wọ́n ti gé sí ìwọ̀n, tí wọ́n sì ti lọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà kékeré tí kò ní àwọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀nba sẹ̀ntímítà 40 síra. Tí gíláàsì bá sùn lé igi tààrà, omi tó bá ṣèèṣì wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde, igi á sì dúdú lábẹ́ rẹ̀.

Fún ojú igi, mo fara mọ́ ìda afárá oyin ju fáńìṣì lọ. Gíráàmù 100 ìda sí gíráàmù 400 linseed oil (òróró hóró ọ̀gbọ̀), irú èyí tí wọ́n kọ “boiled” sí lára rẹ̀ láti ilé ìtajà. Ẹ má ṣe sè é fúnra yín, torí èyí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ti ní ohun tó ń mú un gbẹ nínú. Ẹ yọ́ ìda nínú abọ́ tó jókòó sínú omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná gan-an, ẹ gbé e kúrò lórí ààrò kí ẹ tó da òróró sí i. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró fún bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ nù ún dán. Aṣọ tí ẹ fi pa á lè fúnra rẹ̀ gbiná tí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tàbí kí ẹ na án síta lórí okùn kó gbẹ. Òórùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gbàgbé.

Epo pupa, àdín, òrí àti òróró ẹ̀pà kò ṣeé fi rọ́pò linseed. Wọn kì í gbẹ. Ojú igi á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku á kó sí i, nígbà tó bá yá á máa rùn. Tí fáńìṣì ló bá sì wù yín, ẹ kọ́kọ́ fi tínà nu ìrókò dáadáa, torí òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí fáńìṣì gbẹ bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀kùn kọ́ ògiri, kó jẹ́ kí ilẹ̀ gbé e: kó dúró lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kí irin méjì lókè kàn máa dì í mú kó má ṣubú. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Ìṣó kò lè di kílò 40 mú nínú rẹ̀.

Aṣọ

Aṣọ òfì ni ohun tó rọrùn jù láti fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, òun náà ló sì rọrùn jù láti bà jẹ́. Sányán aláwọ̀ ilẹ̀, àlàárì pupa, ẹtù tó dúdú bí ojú ọ̀run alẹ́: gbogbo wọn ni wọ́n fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ rán pọ̀, ojú rírán yẹn ló sì kọ́kọ́ máa ń já tí ìwọ̀n aṣọ bá rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi ìṣó kan igun rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ rán aṣọ owú funfun tí a ti fọ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 10, sí ẹ̀yìn etí òkè rẹ̀ láti ọwọ́ kan dé èkejì bí ojú bàǹtẹ́, kí ọ̀pá gba inú rẹ̀ kọjá. Báyìí, gbogbo ìbú aṣọ ló jọ ń gbé ìwọ̀n rẹ̀.

Ògiri tí oòrùn kì í kàn ni kó wà. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi, kí ẹ gbé òmíràn síbẹ̀. Àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jẹ kì í padà. Tí ẹ bá ń kó o pamọ́, ẹ ká a mọ́ ọ̀pá tí ẹ ti fi aṣọ funfun wé, ẹ má pa á pọ̀ lójú ibi kan náà lọ́dọọdún, torí ojú ìpapọ̀ yẹn ni yóò fi là.

Kòkòrò aṣọ pẹ̀lú, fíríìsà ni. Mo fẹ́ kí ẹ dẹ́kun káńfọ̀ funfun roboto yẹn, pàápàá nílé tí ọmọ tuntun wà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa, lè dẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ti ibà pọ́njú, nítorí aṣọ tó ti inú àpótí káńfọ̀ jáde. Ẹ sá aṣọ bẹ́ẹ̀ sí atẹ́gùn fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbé e sítòsí ọmọ.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́, pẹ̀lú elú rẹ̀, máa ń yí sára nǹkan. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí àga funfun. Omi tútù, òun nìkan, kí ẹ sá a sí ibòòji.

Irin, amọ̀ àti igbá

Ọkọ́, àdá, agbada irin: ẹ rẹ irin tó dípẹtà sínú fínígà fún wákàtí 12 sí 24, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án nínú omi tí ẹ po ṣíbí ńlá kan sódà búrẹ́dì mọ́ ní lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ìpẹtà á ti padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìda kan náà tí ẹ fi pa tábìlì ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má jẹ́ kí èèkù igi rẹ̀ wọ inú fínígà. Abọ́ tánganran kì í wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, torí kíkan rẹ̀ ń jẹ ojú abọ́ náà. Ọṣẹ àti omi tó. Èyí tó ti ṣá kì í ṣe fún oúnjẹ mọ́. Idẹ ní tirẹ̀, aṣọ rírọ̀ nìkan. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti mú wá láti ogójì ọdún ni ẹwà rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ á bó o ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Ìkòkò omi, kan án pẹ̀lú ìka: tó bá dún gbọnrangandan, ó gbó, tó bá dún bí èyí tó ní ikọ́, ó ti sán. Iná ojú ilẹ̀ ni wọ́n fi sun ìkòkò wa, omi máa ń là á já, ìdí nìyí tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Nítorí náà ẹ má gbin òdòdó sínú rẹ̀ tààrà. Ẹ gbé ìkòkò rọ́bà sínú rẹ̀. Tí ohun funfun bí iyọ̀ bá ń hù sára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ títí kò fi ní hù mọ́. Ìdí rẹ̀ roboto, kò lè dá dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti yanjú ìyẹn: òṣùká. Òṣùká okùn tàbí ti aṣọ dúró lórí táìlì ju irin tí àwọn wẹ́dà ń ṣe lọ, kì í sì í ha ilẹ̀.

Igbá fínfín, irú èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èyí tó fọ́, tí wọ́n fi okùn rán, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó kù. Èmi yóò gbé e síwájú, torí pé ojú rírán yẹn sọ bí ẹni tó ni ín ṣe kà á sí.

Odó wà lọ́tọ̀. Àwọn kan ń dà á dé láti fi ṣe àpótí ìjókòó. Èèwọ̀ ni jíjókòó lórí odó nílé Yorùbá, àgbà tó bá wá kí yín kò ní jókòó síbẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ní dùn. Ẹ jẹ́ kó dúró bó ṣe yẹ, kí ẹ gé gíláàsì roboto tó fi sẹ̀ntímítà 5 yọ síta ẹnu rẹ̀ yíká, ó ti di tábìlì ẹ̀gbẹ́ àga. Ọmọ odó á dúró sí igun ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó

Yàrá kan, ohun ńlá àtijọ́ kan. Tí tábìlì ilẹ̀kùn bá ti wà ní pálọ̀, ẹ fi aṣọ kan sí ògiri àti ohun kékeré méjì tàbí mẹ́ta, ó tó. Tí ọkọ́, àdá, ìkòkò, agbè ẹmu, láńtà àti agbọ̀n bá jọ dúró ní ojú kan, ilé á dà bí ìsọ̀ alálòkù, ojú àlejò ò ní mọ ibi tí yóò bà lé. Ohun tó bá wà lára ògiri, àárín rẹ̀ ni kó bá ojú mu, bíi mítà kan àbọ̀ láti ilẹ̀. Ọlọ a máa wọn ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, nílẹ̀, ni ipò rẹ̀, kì í ṣe orí gíláàsì.

Fọ́tò dúdú-àti-funfun ti àwọn òbí àgbà, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ gbé kọ́, kí ojúlówó wà nínú àpò pépà ní ibi tó gbẹ. Gíláàsì kò gbọdọ̀ kan ojú fọ́tò. Ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yíyọ rẹ̀ sì ni ìparun rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, igi tó dàgbà nínú ọ̀rinrin wa yóò sún kì nínú ilé tí wọ́n ń mú móoru. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ohun tó ń mú ilé gbóná ní ó kéré tán mítà kan, ẹ gbé e wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiyín, kí ó lè fara rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí òtútù tó dé. Kí ẹ tó kó o wá rárá, ẹ fọ gbogbo amọ̀ ara rẹ̀, torí àwọn aṣọ́bodè kì í gba igi tó ní ilẹ̀ lára.

Kí ẹ tó parí, ẹ fi pẹ́ńsù, kì í ṣe bíírò, kọ ọ́ sórí aṣọ owú funfun kékeré kan: orúkọ ẹni tó ni ín, ìlú àti agbo ilé tó ti wá, ọdún tí ẹ gbé e kúrò. Bíírò máa ń ṣá, ó sì máa ń ràn sára igi. Fún tábìlì, ẹ fi ìṣó kékeré méjì kàn án mọ́ abẹ́ ìdábùú àárín. Fún aṣọ, ẹ rán an mọ́ ẹ̀yìn igun ìsàlẹ̀. Fún ìkòkò, ẹ so ó mọ́ òṣùká.